Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ìwé Ni Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ń Kà

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1972, ọmọbìnrin kan bá àwọn èèyàn rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá kan ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Aago 9 ti lù. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ ló lọ fẹjọ́ sùn pé ọmọkùnrin kan àtàwọn ẹbí rẹ̀ jí i gbé. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìjínigbé. Ọmọ náà kò ní bàbá, kò ní ìyá. Iṣẹ́ lébìrà lòun àti arákùnrin rẹ̀ ń ṣe, ilé obìnrin kan tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ ló sì ti pàdé ọmọkùnrin yìí, tó jẹ́ ìbátan obìnrin náà. Wọ́n ti pinnu láti fẹ́ra wọn. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín ọdún 14 sí 16.

Ọlọ́pàá kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó ti tó nǹkan bí aago 10:30 kó tó parí, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, òun náà sì lọ sílé tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà nígbà tí kọ́ńsítébù kan di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú, tó ní kó dúró, tó sì ní kí àwọn yòókù bọ́ síta. Àwọn tó wà níta rí i pé iná àgọ́ kú, ilẹ̀kùn sì ti tì láti inú. Obìnrin tí wọ́n jọ wá pe orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Ó tún pè é, kò sí ohùn. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ. Ọ̀gá kọ́ńsítébù náà, tó wà nínú àgọ́, jáde sí wọn, ó ní ọmọ náà ti lọ tipẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ jáde, tó sì sọ lójú gbogbo wọn pé kọ́ńsítébù fipá bá òun lò, pé ọ̀gá rẹ̀ náà fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ó fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí tó ti mu yó ni kò jẹ́ kó lè ṣe é.

Dókítà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àgọ́ kan náà ni. Ìgbà tí èrò ti ń halẹ̀ pé àwọn máa lu kọ́ńsítébù, àwọn á sì dáná sun ilé náà, ni wọ́n tó lọ pe ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ wá láti ilé rẹ̀, òun ló sì kọ ẹ̀sùn ọmọ náà sílẹ̀.

N kò ní dárúkọ ọmọ náà, n kò sì ní dárúkọ àwọn ọlọ́pàá náà. Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ẹjọ́ ni pé kóòtù mẹ́ta ló gbọ́ ọ, ẹ̀rí kan náà ló wà níwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí àkọ́kọ́ dá àwọn ọlọ́pàá sílẹ̀, èkejì dá wọn lẹ́bi, ẹ̀kẹta tún dá wọn sílẹ̀. Ẹnu ọmọ náà kò yí padà láàárín kóòtù kejì àti ẹ̀kẹta. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó tún bi í léèrè ohunkóhun. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri. Ìbéèrè tí oníkálukú wọn ń bi ìwé náà ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ ẹjọ́ yìí wà fún mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Bí i 20 wákàtí ti kọjá kí dókítà ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe wúńdíá, pé ojú rẹ̀ ti là ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó sì fi ìka méjì dán ara rẹ̀ wò láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì àtọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀, àmọ́ ó wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì wà lára ṣòkòtò kọ́ńsítébù. Ẹlẹ́rìí tó fojú rí i kò sí, nítorí ilẹ̀kùn ti tì, iná sì ti kú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà ló kù. Bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo láyé: ènìyàn méjì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ń sọ, èkejì ń sẹ́.

Òfin Íńdíà nígbà náà kò sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan kò tó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ibẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé kò pọn dandan kí ẹ̀rí mìíràn gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kí wọ́n tó dá ọ̀daràn lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ní kí adájọ́ ṣe ni kó ní ìṣọ́ra lọ́kàn, kó sì hàn nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ó ní in. Lórí ìwé, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra dà bí iyọ̀: ẹni tó ń se ọbẹ̀ ló ń pinnu ìwọ̀n.

Kóòtù àkọ́kọ́ dájọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1974. Adájọ́ gbà pé kọ́ńsítébù àti ọmọ náà bá ara wọn lò pọ̀ nínú àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ohun tó kọ̀ ni pé ìfipábánilòpọ̀ ni. Ó pe ọmọ náà ní òpùrọ́ paraku. Ó ní ó ti mọ ọkùnrin tẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tó jáde tó bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti obìnrin náà níta pẹ̀lú ìbínú, kò sí bó ṣe lè sọ fún wọn pé òun fúnra òun ló gbà, ló bá ní wọ́n fipá mú òun, kó má bàa di ẹni ẹ̀tẹ́. Àmì ara aṣọ ọmọ náà, ó ní ó lè wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin mìíràn. Ti ara ṣòkòtò kọ́ńsítébù, ó ní ó lè ti wá lójú oorun. Ó dá àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tó ń ṣe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyí. Adájọ́ yìí nìkan ló rí ọmọ náà lójúkojú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òfin náà sì gbà bẹ́ẹ̀: adájọ́ tó rí ẹlẹ́rìí, tó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tó rí ibi tó ti dákẹ́ àti ibi tó ti sunkún, ó mọ ohun tí ẹni tó ń ka ìwé kò lè mọ̀. Nítorí náà ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í fi wàdùwàdù da irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ nù. Bó bá tún jẹ́ pé wọ́n ti dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, ó wúwo sí i: aláìṣẹ̀ ni gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí á fi dá a lẹ́bi, ìdásílẹ̀ sì ti fi èdìdì kejì lé àìṣẹ̀ náà.

Àmọ́ ẹ tún àwọn ìdí adájọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo nínú wọn ló wá láti ojú ọmọ náà? Pé ó ti mọ ọkùnrin, ìwé dókítà ló ti wá. Pé ẹ̀rù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló bà á, àbá tí adájọ́ dá lọ́kàn ara rẹ̀ ni. Pé àtọ̀ lè ti wá láti ibòmíràn, àbá ni pẹ̀lú. Bí ìdí bá ti jẹ́ àbá, kò sí ohun tí adájọ́ ìsàlẹ̀ fi ju adájọ́ òkè lọ. Èmi rò pé àṣìṣe tó pọ̀ jù tí agbẹjọ́rò ń ṣe nínú irú ẹjọ́ yìí ni pé ó ń bá ìdájọ́ ìsàlẹ̀ jà lápapọ̀, bí ẹni ń ti ògiri. Ó yẹ kó yọ bíríkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí jẹ́ ohun tí adájọ́ rí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un, èyí jẹ́ ohun tó rò, ẹ̀yin náà lè rò ó.

Ìjọba pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ẹ̀ka Nagpur ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Bombay, ohun tí kóòtù náà sì ṣe nìyẹn. Ìdájọ́ wọn jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1976. Wọ́n gbà pé ìbálòpọ̀ ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kóòtù àkọ́kọ́ ṣe gbà. Wọ́n wá béèrè ohun tí kóòtù àkọ́kọ́ kò béèrè: ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ọmọ náà kò mọ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí rí. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló gbé e débẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé òun ni yóò wá máa wá kọ́ńsítébù tí kò mọ̀ rí láti bá lò pọ̀ ní irú wákàtí yẹn? Bí kì í bá ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé ọkùnrin tó wọ aṣọ ìjọba ni, nínú ilé ìjọba, lóru, lára ọmọ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ bọ́ síta. Wọ́n tún wo ohun tí ó ṣe ní kété tó jáde. Kò dúró dọjọ́ kejì, kò lọ gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló sọ ọ́ lójú èrò. Pé wọn kò rí àtọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn 20 wákàtí, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó ti wẹ̀.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tàbí ìhalẹ̀, tó fi ara sílẹ̀ bí ẹni tí kò lólùgbèjà, ìyẹn kọ́ là ń pè ní fífẹ́. Èdè tiwa ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu wẹ́kú. Kéèyàn gbà lọ́tọ̀, kéèyàn túúbá lọ́tọ̀. Ẹni tó túúbá lójú ogun, kò sí ẹni tó máa sọ pé ó yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún ọ̀tá. Kóòtù náà rán kọ́ńsítébù lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5, wọ́n rán ọ̀gá rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 1.

Bí mo bá ń kọ́ agbẹjọ́rò tuntun bí a ṣe ń ka ẹ̀rí lórí ìwé, ìdájọ́ Nagpur yìí ni n bá fi kọ́ ọ. Kò sọ pé ojú òun ríran ju ti adájọ́ ìsàlẹ̀ lọ. Ó mú ohun tí ẹni gbogbo gbà, ó tò ó, ó sì béèrè bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ṣe máa ń ṣe nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àlàfo kan, àlàfo náà ni wọ́n sì gbà wọlé bá a.

Ọmọ náà kò sọ nílé ẹjọ́ pé òun túúbá. Ó ní òun ké, ó ní òun jà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga wò ó pé kò sí ọgbẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn lọ: bóyá ó jà bóyá kò jà, kò gbà. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, àlàfo yìí gan-an ni adájọ́ mẹ́ta tó jókòó níbẹ̀ fi ọwọ́ lé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978.

Wọ́n ní àìsí ọgbẹ́ fi hàn pé ìbálòpọ̀ náà lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, pé ìtàn ìjà líle tó ní òun jà, irọ́ ni, pé igbe tó ní òun ké, àsọdùn tó hun fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n wá yí sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Wọ́n ní nígbà tí kọ́ńsítébù di ọwọ́ rẹ̀ mú, arákùnrin rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà nítòsí. Ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ṣe ni kó já ọwọ́ náà dànù kó sì kígbe, kó tó tilẹ̀ mọ ẹni tó mú òun. Kò ké pe ẹnikẹ́ni, ó tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Lójú wọn, gbígbà nìyẹn, kì í ṣe títúúbá. Ní ti ọ̀gá ọlọ́pàá, ohun tí ọmọ náà sọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn àti ohun tó sọ ní kóòtù kò bára mu, wọn kò sì gbà á gbọ́. Àwọn méjèèjì lọ sílé.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń dùn mí lọ́kàn títí di òní. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ìrora bo ibi tí ọ̀rọ̀ wọn lágbára mọ́lẹ̀. Ìjọba ni ẹrù ìdánilójú wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo bá sọ ìtàn kan, tí kóòtù kò gba ìtàn náà, kò rọrùn fún kóòtù láti hun ìtàn kejì fún un, kó sì fi rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni bí wọ́n ṣe gbà pé ìtàn kejì ni. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀rí ọmọ náà: "n kò fẹ́" àti "mo jà". Bí èkejì bá tilẹ̀ ní àsọdùn, èyí àkọ́kọ́ lè wà láàyè láìsí i. Láti ọdún 1957 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kan náà ti sọ pé ní Íńdíà, ẹlẹ́rìí tó purọ́ níbì kan kò di onírọ́ níbi gbogbo; iṣẹ́ adájọ́ ni láti ya ìyàngbò kúrò lára ọkà. Wọn kò ya á nínú ẹjọ́ yìí. Wọ́n da ọkà àti ìyàngbò nù pọ̀.

Ẹ sì wo ìdí tí ọmọ tí kò tó ogún ọdún fi lè fi igbe kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bóyá ó ké bóyá kò ké, àwa kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àyíká rẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé obìnrin tí kò jà, òun ló fẹ́. Ìlú ń béèrè igbe kí wọ́n tó gba ọ gbọ́, kóòtù sì ń fi igbe náà mú ọ bí kò bá sí ọgbẹ́ tó bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kọlù báyìí ni ara wọn ń kú gan, tí ohùn kò jáde. Lójú aṣọ ọlọ́pàá, nínú òkùnkùn, ta ni yóò ké sí? Ọlọ́pàá la máa ń ké pè.

Nǹkan kan tún wà tí ìdájọ́ 1978 fi ẹsẹ̀ fò dá. Kí ló dé tí ọmọdébìnrin kan fi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ní aago 10:30 òru? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Olùkọ́ òfin mẹ́rin ló bi wọ́n ní ìbéèrè yìí lójú gbogbo ayé: Upendra Baxi, Lotika Sarkar, Vasudha Dhagamwar àti Raghunath Kelkar. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, wọ́n kọ lẹ́tà sí olórí àwọn adájọ́ Íńdíà. Wọ́n ní kóòtù kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo láti bu ẹnu àtẹ́ lu pípè tí wọ́n pe ọmọdébìnrin wá sí àgọ́ lóru. Wọ́n ní ìyàtọ̀ tó hàn gbangba láàárín gbígbà àti títúúbá wà nínú òfin àti nínú èdè ojoojúmọ́, kóòtù sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà náà tàn kálẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1980, àwọn obìnrin jáde sí ìgboro ní oríṣiríṣi ìlú pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Kóòtù kò tún un gbọ́.

Òfin ló yí padà. Ní 1983, àwọn aṣòfin fi apá tuntun kan, 114A, sínú òfin ẹ̀rí Íńdíà: bí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba bá bá obìnrin tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lò pọ̀, tí ìbálòpọ̀ náà sì ti fìdí múlẹ̀, tí obìnrin náà bá sọ níwájú kóòtù pé òun kò gbà, kóòtù gbọ́dọ̀ gbà pé kò gbà títí ọkùnrin náà á fi fi ẹ̀rí hàn pé ó gbà. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Kóòtù àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ti gbà pé ìbálòpọ̀ ṣẹlẹ̀. Ká ní apá yẹn wà ní 1972, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹrù ì bá wà. Òfin kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ orúkọ ẹni tí wọ́n fipá bá lò jáde. Ó ti pẹ́ jù fún ọmọ tiwa; gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún 1996, ẹjọ́ mìíràn dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ láti Punjab. Ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì pé ọdún 16 ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi mọ́tò gbé e nígbà tó ń bọ̀ láti ibi ìdánwò, wọ́n sì fipá bá a lò lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n já a sílẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti gbé e. Ó wọlé, ó jókòó, ó ṣe ìdánwò ọjọ́ yẹn. Ìgbà tó délé ló tó sọ fún ìyá rẹ̀. Kóòtù àkọ́kọ́ ní kí ló dé tí kò kígbe nínú mọ́tò, kí ló dé tí kò sọ fún olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́ níbi ìdánwò, ó tún sọ̀rọ̀ àbùkù sí ìwà rẹ̀, ó sì dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohùn 1974 àti 1978 ló ń fọ̀ níbẹ̀?

Ìdáhùn Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ìdí tí kò fi kígbe nìyẹn. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Wọ́n ní kí kóòtù gba ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fipá bá lò bí ó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fara gbọgbẹ́ nínú ìjà, kó má ṣe máa fura sí i bí ẹni tó bá wọn pín nínú ẹ̀ṣẹ̀. Àìbáramu kéékèèké kò gbọ́dọ̀ ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ bí àárín rẹ̀ bá dúró. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ ń ṣiyèméjì, ohun díẹ̀ tó fi í lọ́kàn balẹ̀ ni kó wá, kì í ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Wọ́n sì ní kí adájọ́ yéé fi ìwà obìnrin àtẹ̀yìnwá ṣe òṣùwọ̀n òtítọ́ rẹ̀. Wọ́n yí ìdásílẹ̀ náà padà.

Kí ẹ má rò pé láti ìgbà náà ni ohun gbogbo ti tọ́. Kò sì yẹ kí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ̀rọ̀, kóòtù á kàn lù ú lóǹtẹ̀. Ní 2008, kóòtù kan náà kìlọ̀ pé ẹ̀sùn èké lè ba ayé ẹni tí wọ́n fi kàn jẹ́ bákan náà. Ní 2012, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ó fi dá èèyàn lẹ́bi gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó: kí ó dúró láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dé ọjọ́ tó sọ ọ́ ní kóòtù, kí ìbéèrè agbẹjọ́rò alátakò má lè mì í, kí ó bá àwọn ẹ̀rí yòókù mu. Mo fara mọ́ òṣùwọ̀n yìí, àmọ́ mo ń bẹ̀rù ọwọ́ tó máa dì í mú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tí kò ní ìlà kankan, kò mọ bí ìrántí ẹni tí ẹ̀rù bà ṣe rí. Ẹ̀rí tó dọ́gba wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látòkè délẹ̀ ló yẹ kó tilẹ̀ fu adájọ́ lára, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ́ ẹlẹ́rìí.

Àwọn òkúta tí wọ́n sọ lu ọmọ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó wọn kúrò nínú òfin. Nígbà tí ọdún 2002 ń parí lọ, wọ́n yọ ibi tó gba agbẹjọ́rò láàyè láti fi ìwà pálapàla obìnrin ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Ní 2013, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí kò fi ara jà, kò túmọ̀ sí pé ó gbà nítorí ìyẹn nìkan. Ọdún 41 lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní dókítà tó bá tún fi ìka méjì dán obìnrin wò lórí irú ẹ̀sùn yìí ti hùwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Fún àwa tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wa, ibi tí ẹjọ́ ti bàjẹ́ kì í ṣe ọdún 1978. Ó ti bàjẹ́ ṣáájú, lọ́jọ́ tí ọmọ náà dúró níwájú adájọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjà àti igbe gba gbogbo ojú ìwé, tí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù kò ráyè tó. Ohun tí kò bá sí lórí ìwé, kóòtù òkè kò lè rí i. Bí adájọ́ bá rí omijé, tí akọ̀wé kò kọ ọ́, omijé náà ti gbẹ kó tó dé òkè. Ní kí ó wọ inú àkọsílẹ̀: "ẹlẹ́rìí ń sunkún", "ẹlẹ́rìí dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì". Má kọ́ ẹlẹ́rìí ní igbe tí kò ké. Bí ó bá ní òun kò ké, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ ni kó kọ́kọ́ gbé e jáde, má dúró kí alátakò bá ọ gbé e. Bí o bá sì ń gbèjà olùjẹ́jọ́, gbógun ti ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀sùn náà, fi ìgbésí ayé obìnrin sílẹ̀. Ìdájọ́ tí a bá fi ẹ̀gàn gbà, ó rọrùn láti wó.

Nígbà tí a bá sì ń kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ohun tí kóòtù ìsàlẹ̀ ti gbà ni kí a fi ṣe ìpìlẹ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, ohun kan ṣoṣo tí ìbálòpọ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ kù sí ni bóyá ó gbà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí gbogbo agbára lọ.

Èyí ni ìbéèrè tí n bá kọ́kọ́ kọ sórí ìwé mi kó tó dọjọ́ ìjẹ́rìí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: "Nígbà tí iná kú, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí ọ bí o bá ké?" Kí n béèrè rẹ̀, kí n sì dákẹ́. Bí ìdáhùn bá pẹ́ kó tó jáde, kí n bẹ adájọ́ kí akọ̀wé kọ bí ó ṣe pẹ́ tó sílẹ̀, kí n tó bi í ní ìbéèrè mìíràn.